Ẹni Tí Ń Retí Ìwé

Láti ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ ní ojú ìwé yìí nípa ìtàn ìdílé àti bí ó ti yẹ kí a pa á mọ́, ọ̀pọ̀ lẹ́tà ni ó ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ohun kan náà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń wí: ó wu àwọn ènìyàn láti máa kọ̀wé, wọ́n tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè bá a lọ. Olùkọ́ kan sọ fún wa pé òun ra ìwé ìkọ̀wé tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, òun sì fi ìtara kọ ojú ewé mẹ́sàn-án nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ìwé náà ti di ohun tí wọ́n ń gbé ife tíì lé. Ìyá kan tí ń ta aṣọ fẹ́ kọ àwọn àlọ́ tí ìyá rẹ̀ máa ń pa fún wọn sílẹ̀. Ìyá àgbà yìí ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbé orin inú àwọn àlọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ mọ èyí, ó ń dùn ún lọ́kàn, síbẹ̀ láti ọdún tí ó kọjá, àlọ́ méjì péré ni ó rí kọ.

Àwa kò lè ka irú lẹ́tà báyìí kí a sì gbé e jù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Orin àlọ́ tí ó bá kúrò lórí ìyá yẹn, kò sí ọjà tí a lè ná dé tí a ó ti rí i rà.

Àwọn tí ń kọ̀wé sí wa a máa dá ara wọn lẹ́bi. Wọn a ní ọ̀lẹ ni àwọn, tàbí pé Ọlọ́run kò fún àwọn ní ẹ̀bùn náà. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ń jí ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ láti tọ́jú ilé kí ó tó gba ọjà lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ọ̀lẹ lójú wa. Ẹ wo akọ̀wé inú ọ́fíìsì. A kò tíì gbọ́ ọ rí pé akọ̀wé kan dìde níwájú ọ̀gá rẹ̀, kí ó wí pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ọkàn mi kò fà sí rẹ́jístà lónìí.” Bí orí ń fọ́ ọ, yóò kọ ọ́, bí òjò ń rọ̀, yóò kọ ọ́. Akọ̀wé ìjọ pẹ̀lú a máa kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, bí ìpàdé náà kò tilẹ̀ dùn rárá (ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọ rí mọ ohun tí a ń wí), nítorí tí ó mọ̀ pé ní ìpàdé tí ń bọ̀ alága yóò wo ojú òun, yóò sì ní kí òun kà á. Ẹnìkan ń retí ìwé náà. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹni tí kò ní ẹnikẹ́ni tí ń retí ìwé rẹ̀ ní ọjọ́ kan pàtó, ìkọ̀wé rẹ̀ kì í pẹ́ kú, bí ó ti wù kí ẹ̀bùn rẹ̀ pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn baba wa tí wọ́n kọ́kọ́ di kálàmù mú ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹgbẹ́ C.M.S. ti London béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn, àti òyìnbó àti ènìyàn dúdú, pé kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ìrántí ojoojúmọ́, kí wọ́n sì máa fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí London. Púpọ̀ nínú wọn a máa ṣe é ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni wọ́n yàn láàyò. Olùkọ́ ilé-ìwé ni wọ́n, àti ajíhìnrere. Wọ́n ń kọ́ ọmọdé ní òwúrọ̀, wọ́n ń wàásù ní ẹnu ọjà, wọ́n ń bẹ aláìsàn wò, ogun sì ń jà yí wọn ká. Síbẹ̀, nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé, ìwé gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Nípa báyìí ni James White, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀tà ní 1854, fi kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ìlú náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lónìí, ìwé àwọn ènìyàn wọ̀nyí wà ní Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú wọn sì ni ọ̀jọ̀gbọ́n J. D. Y. Peel ti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí ó fi kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ẹ̀sìn àti àwọn Yorùbá, èyí tí ó jáde ní 2000. Àwọn tí ó kọ wọ́n kò mọ̀ pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń bọ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní London ni wọ́n ń wò lójú.

Kí Samuel Àjàyí Crowther tó di àlùfáà, nígbà tí ó ṣì jẹ́ olùkọ́ ní Sàró, ó bá àwọn ọkọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gòkè odò Ọya ní 1841. Ibà pa ọ̀pọ̀ òyìnbó nínú ìrìn-àjò náà. Àjàyí ń kọ ìwé ìrántí rẹ̀ lọ. Ní 1842 ni a tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú ti J. F. Schön, ẹni tí wọ́n jọ lọ. Ní 1843 ni a sì fi Àjàyí jẹ oyè àlùfáà.

Kì í ṣe àwọn oníṣẹ́ ìhìnrere nìkan ni ó mọ àṣírí yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ̀rúndún yẹn kan náà, akọ̀wé kan wà ní ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Anthony Trollope. Ó wọ iṣẹ́ ní 1834, kò sì fi í sílẹ̀ títí di 1867. Síbẹ̀ ìtàn àròsọ mẹ́tàdínláàádọ́ta ni ó kọ kí ó tó kú ní 1882. Nínú ìwé tí ó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, tí a tẹ̀ ní 1883, ó sọ ọ̀nà tí ó gbà láìfi bò. Agogo márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ni ó ń jókòó sí ìdí tábìlì. Ààbọ̀ wákàtí ni ó fi ń ka èyí tí ó kọ ní àná. Lẹ́yìn náà a gbé aago síwájú, a sì máa kọ ọ̀rọ̀ 250 ní ìṣẹ́jú 15. Ó tún fa ìlà sí ìwé kan, nínú èyí tí ó ń kọ iye ojú ewé tí ó parí lójoojúmọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá ṣe ìmẹ́lẹ́, ìwé náà yóò máa wò ó lójú bí ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mọ́ wa jù nínú ìtàn rẹ̀ ni ti ìránṣẹ́ àgbàlagbà kan tí ń tọ́jú ẹṣin rẹ̀. Trollope ń fi £5 lé owó baba yìí lọ́dọọdún, kìkì kí ó lè máa wá jí òun pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́. Ó sì wí pé nínú gbogbo ènìyàn, òun ni òun jẹ ní gbèsè jù fún àṣeyọrí òun. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan fi í ṣẹ̀sín lẹ́yìn ikú rẹ̀ pé bí ẹni tí ń rán bàtà ni ó ṣe ń kọ̀wé. Àwa kò rí àbùkù kan nínú bàtà tí a rán dáadáa.

Síbẹ̀ a kò ní kí ẹnikẹ́ni nínú yín gbìyànjú ọ̀rọ̀ 250 ní ìṣẹ́jú 15. Ẹni tí ń mu kọfí tí ìránṣẹ́ gbé wá fún un kò mọ ilé tí ọmọ mẹ́rin ti ń wá bàtà ilé-ìwé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní tiwa níhìn-ín, ìwé ìròyìn ni ó ṣe iṣẹ́ tí ìránṣẹ́ yẹn ṣe. Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí gbé lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ ní 1929, bí ẹni pé ìyá àgbà kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ni ó ń kọ ọ́ láti orí àkéte àìsàn, tí ó ń ka ìgbésí ayé ìṣekúṣe rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo Èkó. Kí ó tó dáwọ́ dúró ní 1930, lẹ́tà náà ti pé ọgbọ̀n. Ní ọdún yẹn kan náà ó kó wọn jọ di ìwé, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì ka ìwé náà sí ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ẹ kíyèsí bí ó ti rí: kò sí ọjọ́ tí àwọn òǹkàwé rẹ̀ rí odidi ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́tà kan ni wọ́n rí, lẹ́yìn náà òmíràn, àwọn tí ń ra ìwé ìròyìn sì ti ń béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìyá náà. Ní Ìbàdàn, D. A. Ọbasá, tí ó dá ìwé ìròyìn Yoruba News sílẹ̀ ní 1924, a máa fi ewì sínú rẹ̀. Ìwé mẹ́ta ti Àwọn Akéwì ni ó sì tẹ̀ jáde, ní 1927, 1934 àti 1945. Kò yára. Ọdún méje wà láàárín ti èkínní àti ti èkejì, mọ́kànlá sì wà láàárín ti èkejì àti ti ẹ̀kẹta.

Ẹnìkan lè dá wa lóhùn pé àwọn kan wà tí wọ́n kọ̀wé láìsí ẹni tí ń retí rẹ̀. Òtítọ́ ni. Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san ti Ìbàdàn, tí òun pẹ̀lú ti ṣe iṣẹ́ akọ̀wé rí kí ó tó di olórí nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ oníkòkó, kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ fún ohun tí ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó kọ ọ̀rọ̀ ìlú sínú rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ilé, àti gbèsè tí kò jẹ́ kí ó sùn. Ìwé náà wà ní ilé-ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn títí di òní. Ṣùgbọ́n irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ẹ kò sì nílò ojú ìwé yìí. Àwa ìyókù, ẹ jẹ́ kí a wá ẹni tí yóò máa retí tiwa.

Ta ni kí a wá, nígbà náà? Kì í ṣe ẹni tí yóò máa yìn wá, nítorí ìyìn a máa mú ọwọ́ rọ. Kì í sì í ṣe ọ̀mọ̀wé tí yóò fa ìlà pupa sí abẹ́ gbogbo gbólóhùn. Èyíinì a máa pa ìtara alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí yóò béèrè ni a ń wá, ẹni tí yóò wí ní ọjọ́ Sátidé pé, “Ti ọ̀sẹ̀ yìí dà?” Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó mọ̀wé kà lè ṣe é, kò sì sí olówó-èlé tí ó le tó ọmọ tí a ti ṣèlérí ìtàn fún. Ọ̀rẹ́ méjì nínú ẹgbẹ́ akọrin lè máa pààrọ̀ ìwé lẹ́yìn ìfidánwò orin. Ọkọ lè máa retí ti aya, aya ti ọkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ilé mìíràn a kò gba ẹnikẹ́ni ní ìmọ̀ràn èyí.

Ní ti ìyá aláṣọ wa, ẹni tí ń retí ìwé rẹ̀ wà nínú ilé, òun ni kò mọ̀. Ìyá àgbà náà ni. Ohun tí ó wà lọ́kàn ọmọ rẹ̀ ni pé kí òun kọ́kọ́ bi ìyá òun ní gbogbo àlọ́ náà tán, kí òun sì jókòó kọ wọ́n nígbà tí ààyè bá gbà. Ààyè kì í gbà. Kí ó yí i padà. Láàárín ọ̀sẹ̀, kí ó kọ ìdajì àlọ́ kan bí òun tìkára rẹ̀ ti rántí rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àlàfo tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó fa àga sún mọ́ ìyá rẹ̀, kí ó sì kà á sí i létí. Bí a bá wí fún àwọn àgbàlagbà wa pé, “Ẹ sọ gbogbo àlọ́ tí ẹ mọ̀ fún wa,” wọn a ní àwọn ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ pa àlọ́ ní àṣìpa níwájú wọn, ẹ ó rí i bí wọn yóò ti dìde jókòó lórí ẹní: “Rárá o! Àjàpá kọ́ ló kọ́kọ́ dé odò. Ta ló pa á báyẹn fún ọ?” Nínú àtúnṣe yẹn ni orin ti ń jáde. A kò ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ ni yóò padà; ọjọ́ orí ní agbára tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìbéèrè kò lè fà jáde, àṣìpa a máa fà á. Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi mìíràn bá sì kò, ìyá àgbà ni yóò béèrè pé ìdajì tí ó kù ńkọ́.

Ẹ gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù pẹ̀lú, pàápàá orin náà, nítorí ìwé lè gba ọ̀rọ̀ orin, kò lè gba bí a ti ń gbé e. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Fóònù a máa bọ́ sínú omi, a máa bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ohùn àádọ́ta tí a gbà tí a kò fetí sí mọ́ kò sì yàtọ̀ sí iṣu tí a gbàgbé sínú ebè.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti wákàtí. Ẹ má ṣe wá wákàtí tuntun, nítorí kò sí. Ohun tí ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́ láìyẹ̀ ni kí ẹ so ìwé kíkọ mọ́. Nínú ilé púpọ̀, àdúrà òwúrọ̀ ni. Nígbà tí a bá wí pé “Àmín,” tí ìyókù bá dìde, kí ẹni tí ń kọ̀wé jókòó síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú sí i, kí ìwé rẹ̀ sì ti wà lábẹ́ Bíbélì rẹ̀ láti òru. Fún ọlọ́jà, ó lè jẹ́ ìgbà tí ó ti tẹ́ ọjà tán tí oníbàárà kò tíì dé. Alẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yàn, àwa kò sì fẹ́ràn rẹ̀: ara ti rẹ̀, iná lè lọ, oorun sì ni ọ̀gá gbogbo akọ̀wé. Ọmọ ilé gbọ́dọ̀ mọ wákàtí náà. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ogún ìṣẹ́jú ni, wọn yóò lè fara dà á. Bí wọn kò bá mọ ìgbà tí yóò parí, ẹ ó máa gbọ́ “Mọ́mì, Mọ́mì” lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ti ìwọ̀n, ìdajì ojú ewé kan lójúmọ́ tó. A mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n bá wa ṣe ìṣirò. Ìwé ìkọ̀wé tí ó ní ewé 40 ní ojú ewé 80. Ẹni tí ó bá kọ ìdajì ojú ewé ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, ojú ewé méjì ààbọ̀ ni ó ní lọ́sẹ̀; ní ọ̀sẹ̀ 32 ìwé náà ti kún. Èyí kò tó oṣù mẹ́jọ, ó sì ní ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi fún ara rẹ̀. Olùkọ́ wa kọ ojú ewé mẹ́sàn-án ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó sì rẹ̀ ẹ́. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà; a kò tíì rí ẹlẹ́dẹ̀ tí ó kó gbogbo ara wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ọgbọ́n kékeré kan wà tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá ń ti oko bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ a máa fi ebè kan sílẹ̀ láìkọ parí, kí ó lè mọ ibi tí ọkọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀la. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ ṣì mọ ohun tí ó kàn, àní láàárín gbólóhùn. Ẹni tí ó kọ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀ ni ojú ewé òfìfo ń dẹ́rùbà ní òwúrọ̀.

Àmì ohùn ńkọ́? Àwa kò fẹ́ràn ìwé Yorùbá tí a kò fi àmì sí, a sì ti wí bẹ́ẹ̀ ní ojú ìwé yìí títí ó fi sú àwọn kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa bọ̀. Ọjọ́ Sátidé ni ti àmì àti ti àtúnṣe.

Ọjọ́ kan yóò sì dé tí ẹ kò ní kọ ohunkóhun: ọmọ yóò ṣàìsàn, a ó sin òkú, àjòjì yóò dé sí ilé. Ẹ má ṣe san gbèsè rẹ̀. Ẹni tí ó bá wí pé, “Mo ti pàdánù ọjọ́ mẹ́ta, nítorí náà n ó kọ ojú ewé méjì lónìí,” òun ni kò ní kọ rárá ní ọ̀la. Ẹ kọ ìdajì ojú ewé ti òní.

Ó ku ohun kan, òun ni ó sì wúwo jù lọ́kàn wa. Ẹni tí ń retí ìwé lè sọ ọ́ nù.

Samuel Johnson, tí a bí ní Hastings ní Sàró ní 1846, ṣe olùkọ́ ilé-ìwé ní Ìbàdàn, ó di oníwàásù níbẹ̀, a sì fi í jẹ àlùfáà nígbẹ̀yìn ní Ọ̀yọ́. Òun pẹ̀lú wà lára àwọn tí ń fi ìwé ìrántí wọn ránṣẹ́ sí London. Ní 1897 ó parí iṣẹ́ ńlá kan tí ó kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àwọn Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1899 a fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí arákùnrin rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1900, wọ́n sọ fún un pé wọn kò rí ìwé náà. Ní 1901 Samuel kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ rò ó wò: ohun tí àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà Ìbàdàn sọ fún un, àwọn tí púpọ̀ nínú wọn ti kú ṣáájú rẹ̀, ó ti kó o jọ, ó ti kọ ọ́ tán, ó sì sọnù sínú ilé ẹlòmíràn.

Ohun tí ó gbà á là ni ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi dáná. Samuel ti fi àwọn àkọ́kọ̀ rẹ̀ pamọ́, àwọn tí ó kọ tí ó tún fà ìlà sí, àti àwọn àkíyèsí tí ó kọ nígbà tí ó ń wádìí. Obadiah, tí í ṣe oníṣègùn tí ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe, kó wọn jọ, ó sì tún gbogbo ìwé náà kọ. Ní 1916 ó fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun nínú ọkọ̀ tí ń jẹ́ Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì sì mú ọkọ̀ náà lójú omi. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí a tó tún gbúròó ìwé náà. Obadiah kú ní 1920. Ní 1921 ni ìwé náà jáde, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin méjèèjì láti gbé e lé ọwọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ̀ nípa Ọ̀yọ́ àti ogun Ìbàdàn kò lè ṣe kí ó má kà á títí di òní yìí.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fa àkọ́kọ̀ ya, bí ó ti wù kí ó burú tó lójú. Ẹ kọ déètì sí orí ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ìtàn náà àti ìlú rẹ̀, nítorí ọmọ yín kò ní rántí. Bí agbára bá ká a, kí ẹ̀dà kan wà ní ilé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ní ìlú mìíràn. Iná àti ikán kì í sábà bẹ ilé méjì wò ní ọjọ́ kan náà.

Láti ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù tí ń bọ̀, a ó máa fi apá kan sílẹ̀ ní ojú ìwé yìí fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí ẹni tí yóò máa béèrè ìwé lọ́wọ́ yín. Àwa ni yóò máa béèrè. Ìdajì ojú ewé kan ni kí ẹ fi ránṣẹ́, ní èdè Yorùbá, àlọ́ tàbí ìtàn ìdílé tàbí ohun tí ẹ rí lójú ọ̀nà ọjà, kí ó sì tẹ̀ wá lọ́wọ́ kí ó tó di Ọjọ́rú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ààyè yóò gbà láti tẹ̀, ṣùgbọ́n a ó máa tẹ orúkọ gbogbo àwọn tí tiwọn dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀dà ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ kọ, ẹ fi í sílẹ̀ ní ilé.